Dídarí Ẹ̀kọ́ Ara Ẹni: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Lágbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Lọ́dọọdún, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá ti wọlé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá bá èmi tí mò ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì: kí ni ká ṣe kí èdè yìí tó lè yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu? Mo ti kó àwọn ìbéèrè náà jọ síhìn-ín, pẹ̀lú èyí tí àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi bi mí ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó. Orí ohun kan tó dá mi lójú ni gbogbo ìdáhùn náà dúró lé: ẹni tó bá fẹ́ mọ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ náà sí ọwọ́ ara rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbà á.

Kí ni ẹ ń pè ní dídarí ẹ̀kọ́ ara ẹni?

Ó túmọ̀ sí pé akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló mọ ibi tó ń lọ, tó sì mọ ibi tó dé. Ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Henri Holec, ló gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ kedere nínú iṣẹ́ tó ṣe fún Ìgbìmọ̀ Yúróòpù, èyí tó jáde ní ìwé ní ọdún 1981, ọdún kan náà tí ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní FUTA, sílẹ̀. Ó ní agbára láti bójú tó ẹ̀kọ́ ara ẹni ni. Ohun márùn-ún ló kà mọ́ ọn: kí akẹ́kọ̀ọ́ pinnu ohun tó fẹ́ mọ̀, kó yan ohun tí yóò kọ́ àti bí yóò ṣe tò ó tẹ̀lé ara, kó yan ọ̀nà tí yóò gbà kọ́ ọ, kó máa ṣọ́ ara rẹ̀ bí ó ti ń kọ́ ọ, kó sì wọn ara rẹ̀ wò nígbà tó bá parí.

Holec sọ ohun kan síwájú sí i tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò. Ó ní a kì í bí agbára yìí mọ́ ènìyàn, kíkọ́ ni à ń kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi dùn bí mo bá gbọ́ tí olùkọ́ kan ń sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò lè dá nǹkan ṣe. Ta ló ti kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń dá a ṣe?

Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kí olùkọ́ yọwọ́, kí kálukú wa máa dá kọ́ ọ?

Rárá o. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ èyíkéyìí ní ìlú Oǹdó, ẹ jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sán kan, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á máa gbálẹ̀, á máa ṣa àjákù aṣọ, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kó máa gán bọ́tìnnì, kó máa ká etí aṣọ. Tó bá yá, ọ̀gá á ju àṣẹ́kù aṣọ sí i pé kó gé ṣòkòtò ọmọdé, á dúró tì í, á sì máa wò ó láìsọ nǹkan kan, bí ọwọ́ tiẹ̀ tilẹ̀ ń yún un láti gba àlùmọ́gàjí náà. Ọjọ́ kan á wá pé tí ọ̀gá á lọ sí òde, tí oníbàárà á wọlé, tí ọmọ iṣẹ́ á fa téèpù yọ, á wọn èjìká, á wọn ìbàdí, á kọ ọ́ sínú ìwé, á sì sọ ọjọ́ tí aṣọ máa jáde. Kí ọjọ́ fíríídọ̀mù tó pé, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe ìpinnu tí ọ̀gá ń ṣe.

Ní yunifásítì ńkọ́? Fún ọdún mẹ́rin, olùkọ́ ló ń yan ìwé, olùkọ́ ló ń yan orí ọ̀rọ̀ àròkọ, olùkọ́ ló ń sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára, a ó sì fún ọmọ náà ní ìwé ẹ̀rí láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí rí. Olùkọ́ tó yọwọ́ pátápátá kò sàn ju olùkọ́ tí kò jẹ́ kí ọmọ gé aṣọ. Ohun tí mò ń béèrè ni pé kí iṣẹ́ náà máa kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ojú ọ̀gá lẹ́yìn.

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Báwo wá ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè kọ́ ara rẹ̀ ní èdè tí kì í ṣe tirẹ̀?

Òótọ́ ni òwe yẹn, n kò sì ní jà á níyàn. Ọ̀bẹ nílò ọwọ́ mìíràn kí èkù rẹ̀ tó lè jókòó dáadáa, ẹni tó ń kọ́ èdè náà sì nílò etí mìíràn, nítorí a kì í dá èdè sọ. Ohun tí àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ rí náà nìyẹn. Ní ilẹ̀ Dẹ́nímáàkì, láti àwọn ọdún 1970 síwájú, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Leni Dam jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa yan iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí wọ́n máa ṣe é ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, kí kálukú sì máa kọ ohun tó ṣe sínú ìwé tirẹ̀. Wọn kò dá wà. Ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ síwájú. David Little, tó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Trinity College ní Dublin, tẹnu mọ́ ọn pé inú bí a ṣe ń gbára lé ara wa ni agbára láti dá dúró ti ń hù jáde.

Nítorí náà, ẹ wá ẹnì kan. Ẹni náà kò ní láti mọ Gẹ̀ẹ́sì jù yín lọ. Ó kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lè sọ fún yín láìbẹ̀rù pé, 'Ohun tí o sọ yẹn kò yé mi.'

Ṣé ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá kò lòdì sí irú nǹkan báyìí? Wọ́n kọ́ wa pé ọmọdé kì í já àgbà níyàn.

Mo gbọ́ ìbéèrè yìí jù lọ lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, mo sì fẹ́ràn wọn nítorí ẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 1999, William Littlewood, onímọ̀ nípa kíkọ́ èdè, kọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlà-oòrùn Éṣíà, tí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé olùkọ́ ni wọ́n ń dúró dè fún ohun gbogbo, ó sì fi hàn pé oríṣi méjì ni ìdádúró yìí: ẹnì kan lè yan ọ̀nà fúnra rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn sì lè gba ọ̀nà tí olùkọ́ là sílẹ̀, kó wá dá ara rẹ̀ darí lórí rẹ̀. Èkejì yìí kò ta ko ìwà ọmọlúàbí rárá.

Àwa náà kì í ṣe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ìyá àgbà bá pa àlọ́ àpamọ̀, kì í sọ ìdáhùn rẹ̀ kí ọmọ tó gbìyànjú. Ẹni tó bá sì béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bí ó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Dípò kí ẹ wá bá olùkọ́ pé, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò yé mi,' tí ẹ ó sì dákẹ́, ẹ sọ pé, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti ka ibi báyìí. Ohun tó yé mi nínú rẹ̀ nìyí. Ibí yìí ló dì mọ́ mi lójú.' Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, iṣẹ́ sì wà níbẹ̀. N kò tíì rí olùkọ́ tí yóò lé irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì.

Ṣé ohun tí a ń kọ́ nínú kíláàsì kò tó ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní GST 111 nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun, yúníìtì 2 ni. Yúníìtì kan jẹ́ wákàtí 15 ní sáà kan. Wákàtí 30 nìyẹn. Kò tó ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Ẹ wá rántí pé gbọ̀ngàn tó kún fọ́fọ́ ni, tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ, tí ọmọ kan sì lè lo gbogbo sáà náà láìla ẹnu sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Nínú wákàtí 30, èèyàn lè mọ ohun tó kù fún un láti kọ́. Èdè fúnra rẹ̀, níta kíláàsì ni yóò ti mọ̀ ọ́n, tàbí kó má mọ̀ ọ́n rárá.

Fún ọmọ FUTA tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀, lẹ́yìn ọdún kìíní, kò sí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan tí yóò tún pè é, bẹ́ẹ̀ sì ni Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀. Fún ẹni tó wà ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó, tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni yóò dúró níwájú àwọn ọmọ ẹlòmíràn lọ́la, kò sì sí bí ó ṣe lè kọ́ wọn ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe rí.

Ibo gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Láti inú àṣìṣe yín ni, kì í ṣe láti ojú ewé kìíní ìwé gírámà. Ẹ kó àròkọ mẹ́ta tí olùkọ́ ti máàkì jọ, ẹ kọ gbogbo ibi tí bírò pupa ti fọwọ́ kàn sí ojú ewé kan, kí ẹ sì ṣa èyí tó jọra wọn pọ̀. Ẹ ó rí i pé àṣìṣe yín kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ni, tó ń pààrọ̀ aṣọ.

Púpọ̀ nínú wọn ti inú Yorùbá wá, ìtìjú kankan kò sì sí níbẹ̀. Èdè wa kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin nínú 'ó', nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ á fi 'she' bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìyá rẹ̀, nígbà tó bá fi dé ìlà kẹrin, ìyá ti di 'he'. Nítorí pé a ń fi 'wọ́n' bọ̀wọ̀ fún àgbà, wọ́n á rán ọmọ kan lọ wo olórí ẹ̀ka ní ọ́fíìsì, ọmọ á padà wá sọ fún àlejò pé 'They are not around', àlejò náà á sì máa ṣe kàyéfì pé àwọn mélòó ni wọ́n. Nítorí pé à ń gbọ́ òórùn, a máa ń kọ 'I am hearing the smell of the soup'. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í sì yí àwọ̀ padà nítorí àná: 'lọ' ni lánàá, 'lọ' náà ni lónìí. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ 'go' di 'went', tí akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń gbàgbé bí ìtàn bá ti ń dùn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ti ìró tún wà lọ́tọ̀. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá àjùmọ̀lò ní. Méjìlá ni ti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ́ni nínú ìwé, láìka àwọn tó jẹ́ fáwẹ̀lì méjì tó so kọ́ra. Àwọn kọ́ńsónáǹtì bí 'v' àti 'z' kò sí lédè wa, a sì máa ń fi 'f' àti 's' rọ́pò wọn. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ jókòó níwájú mi lọ́jọ́ kan, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì ka gbólóhùn mẹ́wàá sínú rẹ̀. A jọ gbọ́ ọ padà. Ohun tó wà lójú ìwé ni 'My parents live in a village near Idanre'. Ohun tí fóònù sọ ni pé àwọn òbí rẹ̀ 'leave'. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, 'Mà, ṣé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?' N kò tíì tún nǹkan kan ṣe fún un. Etí ara rẹ̀ ló fi mú un, n kò sì ní láti tún sọ ọ́ fún un mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ agbègbè wa mọ̀ ni pé etí wọn ti mú tẹ́lẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi 'u' bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka-èdè wa níhìn-ín máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń sọ 'ulé' fún màmá rẹ̀, tó sì ń kọ 'ilé' fún olùkọ́ láìṣì í kọ, ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi etí ya èdè méjì sọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Kó mú ọgbọ́n kan náà lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ẹ bá ti ṣa àwọn àṣìṣe yín tán, ẹ mú ẹyọ kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹyọ kan ni mo wí.

Ẹ máa ń sọ pé ká ní ìwé àkọsílẹ̀. Kí ló yẹ ká máa kọ síbẹ̀?

Ohun mẹ́ta péré: ohun tí mo ṣe, ohun tí mo rí, ohun tó kàn. Ìwé kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà ti tó. Mo gba àyè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan kí n tó da ojú ewé tirẹ̀ kan kọ síhìn-ín: 'Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìṣẹ́jú 20. Mo ka àwọn ọ̀rọ̀ oní-i kúkúrú sínú fóònù. Mo gba méje nínú mẹ́wàá. Àwọn tí mo ṣì ni fill, sit, rich. Lọ́la: àwọn mẹ́ta yìí nìkan, kí ẹ̀gbọ́n mi máa gbọ́ ọ.' Yorùbá ló fi kọ ọ́, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó ń fi èdè tó gbọ́ dáadáa ronú nípa ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò ronú jinlẹ̀ ju ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kiri lọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ má ṣe kọ ogójì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Láti ọdún 1885 ni Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti fi ara rẹ̀ dánwò tó sì fi hàn pé kíá ni ohun tí a há sórí máa ń sá lọ, pàápàá láàárín ọjọ́ kìíní. Ẹ kọ mẹ́fà, ẹ padà sí i lọ́jọ́ kejì, ẹ tún padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tún padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì fi kálukú wọn ṣe gbólóhùn nípa ara yín.

Iná kì í dúró, dátà sì wọ́n. Kí ni mo lè ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì?

Púpọ̀. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní 1822, kọ̀wé fúnra rẹ̀ pé láàárín bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí òun dé Sierra Leone, òun ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun. Èdè tí kò gbọ́ rí ni. Ọkùnrin yìí kan náà ló wá ṣe aṣáájú ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, èyí tó parí ní 1884.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí ó wà ní ilé púpọ̀ ní èdè méjèèjì. Ẹ ka ẹsẹ kan ní Yorùbá, ẹ pa ìwé dé, ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tiyín lórí bébà, kí ẹ tó wá ṣí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ mú Orin Dáfídì kẹtàlélógún: 'Olúwa ni Olùṣọ́-àgùntàn mi, èmi kì yóò ṣe aláìní.' Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ 'God is the one keeping my sheep'. Nígbà tó rí 'my shepherd' níbẹ̀, ó rí i fúnra rẹ̀ pé Olúwa ló ń ṣọ́ òun, òun gan-an ni àgùntàn, àti pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi gbé odidi 'olùṣọ́-àgùntàn'. Bí ẹ bá ń lo Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹ ṣọ́ra: 'I shall not want' tó wà níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé n kò ní fẹ́ nǹkan kan, àìní ni 'want' túmọ̀ sí láyé ìgbà náà, nítorí náà ìtumọ̀ òde òní ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Mùsùlùmí lè ṣe bákan náà pẹ̀lú ìtumọ̀ Àlùkùránì ní èdè méjèèjì.

Ọmọ ìpínlẹ̀ wa tún ní ogún mìíràn. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938, Wole Soyinka sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ẹ fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ wo ohun tí Soyinka gbé dání, ẹ wo ohun tó jù sílẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín léèrè bóyá ẹ̀yin náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀. N kò mọ ilé ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dára ju tábìlì tí ìwé méjì yìí wà lórí rẹ̀ lọ.

Rédíò náà wà. Ẹ gbọ́ ìròyìn ní Yorùbá, kí ẹ sì tún gbọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ bá ti mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀, etí yín á ráyè fún ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ṣé ó dára kí n lo Google Translate tàbí ChatGPT?

Ó dá lórí ẹni tó ń ṣe ìpinnu. Google Translate ti ní Yorùbá láti ìparí ọdún 2013, ChatGPT sì jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gba àròkọ tó dán bí dígí, tí ẹni tó fi orúkọ sí i kò lè ṣàlàyé ìpínrọ̀ kejì rẹ̀ bí mo bá bi í léèrè. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn, nítorí pé owó ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ̀ san, ẹ̀rọ ló fi kàwé.

Ẹ padà sórí ohun márùn-ún tí Holec kà sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé gbogbo wọn fún ẹ̀rọ, kò sí èyí tó kù fún yín. Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tèmi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ àròkọ náà fúnra wọn dé òpin, kí wọ́n fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ ibi mẹ́ta tí ọkàn wọn kò balẹ̀ sí, kí wọ́n wá sọ fún ẹ̀rọ náà pé, má ṣe tún un kọ, ṣàlàyé ohun tó ṣe ibi mẹ́ta yìí nìkan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ wò ó nínú ìwé atúmọ̀-èdè bóyá òótọ́ ló sọ, nítorí ẹ̀rọ máa ń ṣìnà, ohùn tó sì fi ń sọ irọ́ kò yàtọ̀ sí ti òótọ́.

Kí ni kí a ṣe bí wọ́n bá daṣẹ́ sílẹ̀?

Ní 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Nígbà tí a wọlé padà, mo rí ọmọ tí kò lè kọ lẹ́tà mọ́. Mo sì rí mẹ́ta tó jẹ́ pé ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ń jókòó sí ní àdúgbò Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́, tí ọ̀kan á mú ìwé ìròyìn wá, tí ọ̀kan á mú ìbéèrè wá, tí ẹ̀kẹta á sì mú ẹ̀pà. Olùkọ́ kankan kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ohun tó gbà wọ́n ni pé wọ́n ti pín iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ojú sì máa ń ti ẹni tó bá wá lọ́wọ́ òfo.

Olùkọ́ ni mí. Ọmọ irínwó ló wà nínú kíláàsì mi. Ibo ni n ó ti rí àyè fún èyí?

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, ìtara mú mi, mo wọ kíláàsì, mo ní kí wọ́n yan ohunkóhun tó bá wù wọ́n láti kọ́ fún gbogbo sáà náà. Ìdajì kò yan nǹkan kan. Àwọn tó kù yan èyí tí wọ́n ti mọ̀. Mo ju àlùmọ́gàjí sí ọmọ tí kò tíì gán bọ́tìnnì rí, wọ́n sì jìyà rẹ̀ nínú ìdánwò. Mo ṣì ń ronú kàn án.

Ohun tó wá ṣiṣẹ́ kéré púpọ̀. Ẹ fún wọn ní orí ọ̀rọ̀ àròkọ méjì, kí wọ́n mú ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ gbólóhùn kan lórí ìdí tí wọ́n fi mú un. Kí ẹ tó gba ìwé, ẹ ní kí kálukú fún ara rẹ̀ ní máàkì pẹ̀lú bírò aláwọ̀ mìíràn. Bí máàkì tiyín àti tirẹ̀ bá jìnnà síra, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà, ẹ ò sì ní láti bá irínwó ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́, àwọn tí tiwọn jìnnà nìkan ni. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ariwo á pọ̀. Ẹ jẹ́ kó pọ̀.

Ọmọ mi ń wo fíìmù Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ dalẹ́, ó ní ẹ̀kọ́ ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ bi í pé gbólóhùn wo ló mú nínú rẹ̀ lónìí, kó sì sọ ọ́ fún yín. Bí ó bá rí i sọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Ṣé ọmọ tó ń lépa Gẹ̀ẹ́sì báyìí kò ní pàdánù Yorùbá rẹ̀?

Kò pọn dandan. Ní 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lára wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ohun tí mo ti sọ lókè nípa àṣìṣe náà, ẹni tó mọ Yorùbá rẹ̀ dáadáa nìkan ló lè rí ibi tí ó ti wá.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mò ń tẹ̀ síwájú, bí kò bá sí ẹni tó ń fún mi ní máàkì?

Ẹ má ṣe pa ohùn yín àkọ́kọ́ rẹ́ nínú fóònù. Ẹ tọ́jú àròkọ yín àkọ́kọ́ pẹ̀lú gbogbo bírò pupa tó wà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ẹ ka gbólóhùn mẹ́wàá kan náà sínú fóònù, kí ẹ fi ohùn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ sì kọ ohun tó yí padà àti èyí tí kò yí padà sínú ìwé yín kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Ó gbé fóònù sórí tábìlì bíi ti àkọ́kọ́, a gbọ́ ti àtijọ́, a gbọ́ ti tuntun. Mo ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ nígbà tó nawọ́ díẹ̀, ó ní, 'Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo gbọ́.' Ó ní 'live' ti tọ́. Ó ní 'village' ṣì ń jáde bíi 'fillage', òun sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀.